Orí Kẹfà: Ẹ̀dà Kejì Dà?

Obìnrin kan wà ní Ṣakí tó ń ṣe POS lábẹ́ agbòjò ńlá kan nítòsí ọjà. Ẹ̀rọ méjì ló wà lórí tábìlì rẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síìmù inú ọ̀kan kì í sì í ṣe ti nẹ́tíwọ̀kì inú èkejì. Lábẹ́ wọn ni ìwé kan wà, irú èyí tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, tó fi rúlà àti báírò fa ìlà sí: aago, orúkọ, iye owó, báńkì, ó wọlé tàbí kò wọlé. Mo jókòó tì í fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Kò sí oníbàárà kan tó dìde níbẹ̀ tí obìnrin náà ò kọ tiẹ̀ sínú ìwé yẹn, kódà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti pọ rìsíìtì jáde.

Mo ní kí ló dé tó ń ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, tí nẹ́tíwọ̀kì bá ṣe tiẹ̀ tán, ta ni wọ́n máa wá bá jà? Ṣé ẹ̀rọ ni?"

Obìnrin yìí ò kọ́ ètò kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka káàkiri ayé ń san owó gọbọi láti gbọ́ lẹ́nu amòye, ó ti ń ṣe é lábẹ́ agbòjò. Kò fi gbogbo ara ti ilé-iṣẹ́ kan. Ó ní ẹ̀dà kejì ohun tí ẹ̀rọ mọ̀. Ẹ̀dà kejì náà ò sì gbé inú ẹ̀rọ. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, torí òun ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan tí gbogbo ayé mọ̀ fi òbítíbitì dọ́là kọ́ ní 2017. A ó dé ibẹ̀.

Tí wọ́n bá ní ilé-iṣẹ́ kan ń ṣàkóso ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni ẹ̀rọ rírà: láptọ́ọ̀pù tuntun, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń rìn sókè sódò pẹ̀lú fóònù létí, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní "IT". Ẹ̀rọ rírà ló rọrùn jù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ gan-an ni kí a mọ ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbà kọjá, kí a mọ ẹni tó ni ibi kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà náà, kí a sì ti mọ ohun tí a ó ṣe lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dí.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Àgbẹ̀ kan ti Àgọ́-Àrẹ wá, ó na káàdì rẹ̀ sí obìnrin wa. Ẹ̀rọ ka káàdì, àgbẹ̀ tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ẹ̀rọ sì sọ nọ́ńbà náà di àrokò tí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà ò lè kà. Síìmù gbé e fún òpó nẹ́tíwọ̀kì, òpó gbé e títí ó fi dé Èkó. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ POS gbà á, ó fà á lé àwọn tó ń so báńkì mọ́ báńkì lọ́wọ́. Interswitch, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn. NIBSS, tó ti wà láti 1993, ló ń gbé tíráńsífáà láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀ láti 2011. Àwọn wọ̀nyí béèrè lọ́wọ́ báńkì àgbẹ̀: ṣé owó wà? Kọ̀ǹpútà ńlá báńkì náà wò ó, ó yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Bẹ́ẹ̀ ni" yẹn á tún gba gbogbo ọ̀nà tí ìbéèrè gbà lọ, á padà sí Ṣakí. Gbogbo rẹ̀ ò ju kí èèyàn sín lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Ẹ wá wo ibi tí wàhálà wà. Tí ọ̀nà bá já nígbà tí ìbéèrè ń lọ, kò séwu, owó ò tí ì kúrò. Àmọ́ tó bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" ló sọnù nígbà tó ń bọ̀, báńkì ti yọ owó, ẹ̀rọ tó wà ní Ṣakí ò sì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù àgbẹ̀ fi ń dún pé owó ti jáde, tí oníPOS ń búra pé òun ò rí nǹkan kan, tí àwọn méjèèjì sì ń sọ òótọ́. Ó di ìgbà tí àwọn kọ̀ǹpútà bá fi àkọsílẹ̀ wọn wéra kí owó tó padà. Ẹni tó bá wà ní Òkè-Ògùn ní oṣù Kejì 2023, nígbà tí náírà bébà ṣọ̀wọ́n bí ojú tí gbogbo wa ya bo tíráńsífáà lẹ́ẹ̀kan náà, kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà náà tún gùn ju Èkó lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Wáyà yìí ò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà lọ. Inú rẹ̀ ni fọ́nrán gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí wà, ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré nínú fọ́nrán náà ló sì ń ru ọ̀rọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ MainOne sọ pé ohun tí àwọn kọ́kọ́ rí ni pé ilẹ̀ abẹ́ òkun mì. Lọ́jọ́ náà, áàpù àwọn báńkì kan kọ̀ jálẹ̀ ní Nàìjíríà, íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ bí ìgbín, àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ń tọrọ gáfárà. Ọkọ̀ tó ń tún irú wáyà bẹ́ẹ̀ ṣe á kọ́kọ́ rin ìrìn àjò débẹ̀, á fi ìkọ́ wá wáyà nísàlẹ̀ òkun, á fà á sókè, wọn ó tó so ó pọ̀. Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ yẹn.

Kí ló wá pa àgbẹ̀ Àgọ́-Àrẹ pọ̀ mọ́ Abidjan? Owó rẹ̀ ò kúrò ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti gbé apá kan iṣẹ́ wọn sórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n háyà lókè òkun, ìbéèrè kékeré kan láti Ṣakí sì lè ní láti sọdá omi kó tó rí ìdáhùn. Àwọn tó ní ọ̀nà lórí wáyà Glo-1 tàbí Equiano, èyí tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, rí èémí mí, torí ìyẹn ò já. Àwọn yòókù kọ́gbọ́n. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó san owó ọ̀nà méjì fún ilé-iṣẹ́ méjì, tí ọ̀nà méjèèjì wá gba ẹ̀gbẹ́ kòtò kan náà kọjá, ọ̀nà kan ló rà. Wáyà mẹ́rin ló já lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ibì kan ni gbogbo wọn gbà.

Mo fẹ́ ká yà sí Ìsẹ́yìn díẹ̀.

Tí ẹ bá gba àdúgbò àwọn ahunṣọ kọjá níbẹ̀, ẹ ó rí òwú tó nà gbọọrọ nílẹ̀ níwájú òfì, tí ẹrù wúwo kan fà á le lápá ọ̀hún. Aṣọ tó ń jáde lọ́wọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gígùn ló ní. Nígbà tí iṣẹ́ aṣọ ẹbí igba èèyàn bá dé, ọ̀gá kan ò lè dá a hun. Á pín in fún ọmọ iṣẹ́, á pín in fún ọ̀rẹ́. Kó tó pín in, á sọ iye fọ́nrán òwú tí yóò wà ní ìbú, á sọ ibi tí ìlà pupa yóò gbà, òwú àpò kan náà ni á sì há fún gbogbo wọn. Ó mọ ohun tó ń bọ̀ ni. Télọ̀ ni yóò to gbogbo ọ̀já yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí yóò rán wọn pọ̀ di agbádá, bí ẹnì kan bá sì ti fi òwú tó rà ní tiẹ̀ hun tirẹ̀, àárín àyà ẹni tó wọ̀ ọ́ ni yóò ti hàn.

Ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń ra sọ́fúwíà tó wù ú, tó ń kọ orúkọ èèyàn bó ṣe wù ú, ń hun aṣọ tí kò ní ṣeé rán. Orúkọ ni ẹ kọ́kọ́ wò. Obìnrin kan ń jẹ́ Adébísí nínú báńkì kan, Bísí nínú òmíràn, orúkọ ọkọ ló wà nínú NIN rẹ̀, orúkọ bàbá ló wà lórí káàdì ìdìbò. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́rin ni. Ìdí tí CBN àti àwọn báńkì fi dá BVN sílẹ̀ ní 14 oṣù Kejì 2014 nìyẹn: nọ́ńbà kan fún ẹnì kan, níbi yòówù kó ti ní àkáǹtì. Nígbà tí CBN wá pàṣẹ ní oṣù Kejìlá 2023 pé kí wọ́n ti àkáǹtì tí kò ní BVN tàbí NIN pa ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó tò sórí ìlà nígbà náà mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ nínú orúkọ lè dá èèyàn padà sílé.

Oníṣòwò àgbáyé ti fẹnu kò lórí irú òṣùwọ̀n yìí tipẹ́. Kajú tí àwọn àgbẹ̀ wa ń kó jọ kì í pẹ́ nílé, Vietnam àti Íńdíà ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú kajú tí Nàìjíríà ń tà sókè òkun. Ẹ wo ara kọ̀ǹténà tí wọ́n fi ń gbé e: lẹ́tà 4, nọ́ńbà 7. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn kì í ṣe ti kọ̀ǹténà rárá, ìṣirò lórí gbogbo àwọn tó ṣáájú ló bí i. Tí akọ̀wé kan ní Apapa bá ṣi nọ́ńbà kan kọ, ìṣirò náà ò ní bára mu, kọ̀ǹpútà á sì kọ̀ ọ́ kí ẹrù tó ṣìnà. Mo gbà pé ó wà lára ohun tó gbọ́n jù tí ọmọ aráyé fi ọ̀dà kọ sára irin.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan fún gbogbo ènìyàn ní ààlà. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ IPPIS ní 2007 láti máa san owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ètò náà ò mọ bí iṣẹ́ àwọn ṣe rí, ASUU sì ṣe tiwọn, UTAS, wọ́n gbé e síwájú ìjọba. Wọ́n fà á títí di oṣù Kejìlá 2023, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde nínú rẹ̀. Ẹjọ́ yẹn gùn, n kò ní dá a níbí.

Kọ̀ǹténà ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Maersk. Ilé-iṣẹ́ Dẹ́ńmáàkì ni, ọkọ̀ òkun rẹ̀ ń ná gbogbo ayé, APM Terminals tó ti ń ṣàkóso èbúté ní Apapa láti 2006 sì jẹ́ ọmọ ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù Kẹfà 2017, àwọn òṣìṣẹ́ ní olú ilé-iṣẹ́ wọn ní Copenhagen rí i tí ojú kọ̀ǹpútà ń dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń fa wáyà yọ. Ó ti bọ́. Àrùn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní NotPetya ló dé. Ukraine ni wọ́n ti tú u sílẹ̀, inú M.E.Doc, sọ́fúwíà owó-orí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ń lò, ni wọ́n fi pamọ́ sí. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni Maersk fi M.E.Doc sí, ní ìlú Odesa. Ó tó o.

Kọ̀ǹpútà tó ń bẹ ní ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni àwọn tí mo fẹ́ pè ní adènà. Àwọn ló mọ ẹni tó ń jẹ́ ta, àwọn ló mọ ìlẹ̀kùn tí ó láṣẹ láti ṣí. Láìsí wọn, bí ẹ tilẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun bíi yanrìn, kò sẹ́ni tí yóò lè wọlé. Maersk ní nǹkan bí 150 adènà káàkiri ayé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe àdàkọ ohun tí àwọn yòókù mọ̀ sínú ara rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, àwọn tó kù á tún un kọ́. Ètò náà dára, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń lò ó dòní. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni pé gbogbo 150 lè kú lọ́jọ́ kan náà. Orí nẹ́tíwọ̀kì kan náà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni àrùn náà gùn lọ bá gbogbo wọn.

Àfi ọ̀kan. Ní Gánà, iná ọba ti lọ kí àrùn tó dé. Àwọn ará Gánà ní orúkọ fún un, dumsor, pa-á-tàn-án. Adènà tó wà ní ọ́fíìsì Maersk níbẹ̀ ti kú fin-ín, kò sí lórí nẹ́tíwọ̀kì, kò gbọ́ ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ò rí i. Èmi tí mo dàgbà lábẹ́ NEPA, n kò rò pé ọjọ́ kan á wà tí màá ka ìtàn kan tí màá sì kí mímú iná lọ kú iṣẹ́.

Ìtàn ò parí síbẹ̀. Àwọn tó ń tún ilé-iṣẹ́ náà kọ́ wà ní Maidenhead, ní Ìlú Ọba. Wọ́n fẹ́ kí Gánà fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé àkọsílẹ̀ adènà náà ránṣẹ́, àmọ́ ọ̀nà tín-ín-rín jù, yóò gbà wọ́n lọ́jọ́ púpọ̀. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ Gánà kan gbé e wá fúnra rẹ̀. Kò sí èyí tó ní físà Ìlú Ọba láàárín wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe: ẹnì kan gbé e láti Gánà wá sí pápákọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ó pàdé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn níbẹ̀, ó fà á lé e lọ́wọ́, ẹni yẹn sì wọ bàálù lọ sí Heathrow. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù gbogbo ayé, ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n fi gbé ẹ̀mí tirẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi owó rán awakọ̀ láti Ṣakí sí Ìbàdàn.

Alága wọn nígbà náà, Jim Hagemann Snabe, sọ ní Davos ní oṣù Kìíní 2018 pé ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọn fi tún 4,000 kọ̀ǹpútà ńlá àti 45,000 kọ̀ǹpútà orí tábìlì kọ́ láti ilẹ̀. Àdánù tí wọ́n kéde wà láàárín $250 mílíọ̀nù sí $300 mílíọ̀nù. Ní gbogbo àsìkò náà, WhatsApp àti íméèlì ti ara ẹni ni àwọn òṣìṣẹ́ kan fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Wọ́n ní 150 ẹ̀dà, èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn sì ni èyí tí kò gbọ́ ohun tí àwọn yòókù ń sọ. Ìwé tí obìnrin Ṣakí fi sábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ náà ò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mìíràn ṣẹ́ kù, èyí tó fi bi mí pé ta ni wọ́n máa wá bá jà. Ní Ìlú Ọba, wọ́n ti bá èèyàn jà. Láti 1999 ni Post Office ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo sọ́fúwíà kan tó ń jẹ́ Horizon, tí ilé-iṣẹ́ Fujitsu ṣe, ní àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka wọ̀nyí jọ oníPOS wa: oníṣọ́ọ̀bù kékeré ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń gba owó, wọ́n ń san owó, wọ́n ń gba láàdá tiwọn. Horizon bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé owó ń dín. Wọ́n pariwo, wọ́n tẹ fóònù, ìdáhùn tí wọ́n ń gbà ni pé ẹ̀rọ ò lè ṣì í. Àwọn kan ta ilé dí i. Wọ́n dá àwọn tó lé ní 900 lẹ́bi láàárín 1999 sí 2015, a rí aboyún tó ṣẹ̀wọ̀n nínú wọn. Ó di oṣù Kejìlá 2019 kí ilé-ẹjọ́ gíga tó sọ pé àṣìṣe wà nínú sọ́fúwíà náà lóòótọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2024 ni wọ́n ṣe òfin tó pa ìdálẹ́bi ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ́, lẹ́yìn tí àwọn mìíràn ti kú.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀rí ẹ̀rọ nìkan ló wà. Olú ilé-iṣẹ́ ló ni ẹ̀rọ, òun ló ni àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, òun náà ló sì ń gbé èèyàn lọ sílé-ẹjọ́. Lójú tèmi, ọ̀gá tó bá gbé sọ́fúwíà fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láìṣí ọ̀nà tí ọmọ iṣẹ́ náà lè fi jiyàn pẹ̀lú sọ́fúwíà, kò tí ì ṣàkóso nǹkan kan.

N kò ní fi ìlú òyìnbó rẹ́rìn-ín, torí a ní tiwa nílé. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Inú láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé owó ni owó oṣù gbogbo wa wà, akọ̀wé owó náà nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó lọ sìnkú ní Ìgbẹ́tì ní ìparí oṣù, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi wojú ara wa. Nígbà tó dé, ọ̀gá bi í pẹ̀lú ìbínú bóyá ó tilẹ̀ ní ẹ̀dà kejì. Ó ní, "Ẹ̀dà kejì wà, sà." Ó ṣí báàgì láptọ́ọ̀pù náà, ó mú fúláàṣì kan jáde nínú àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní ọ́fíìsì, ní ilé-ìwòsàn, ní ilé-ẹ̀kọ́, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò kajú: ẹ dìde lọ́la, ẹ béèrè ibi tí ẹ̀dà kejì wà. Ẹ má gba "ó wà" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i lójú yín.